Ta Ló Ní Búdà Ní Kí Ẹ Kọ Ìyá Yín?

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín o.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé wa kan ní Làfíàjì ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Ọmọ tó kàwé ni, ó sì níṣẹ́ gidi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù nípa ẹ̀sìn Búdà, olùkọ́ ayé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Íńdíà, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Àfìgbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, tí rọpárọsẹ̀ ti mú lápá ọ̀tún, pé ìfẹ́ tí òun ní sí i ló ń fa ìyà fún òun, pé Búdà ní kí èèyàn jọ̀wọ́ ohun gbogbo. Ó di ẹrù rẹ̀, ó pa fóònù. Àwọn ayálégbé ló ń gbé ìyá náà lọ sí balùwẹ̀ báyìí.

Kì í ṣe ẹ̀sìn mìíràn ló ń bà mí lẹ́rù. Nínú ilé tí mo dàgbà sí, bàbá mi ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí Ẹ̀yọ̀ bá sì jáde, gbogbo wa la jọ ń du ojú fèrèsé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ̀sìn tí ẹ kò tíì kọ́ lẹ fi ń ṣe àwáwí.

Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Láyé ìgbà tí àwọn olùkọ́ láti Sri Lanka wá ń kọ́ni níléèwé girama wa, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ni ní ìṣirò níbi tí èmi ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ní Yábàá. Bí aláǹtakùn bá wọ kíláàsì, ìwé ló máa fi gbé e, á sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ síta. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀. Bí owó oṣù bá dé, ti ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Mo bi í pé ṣebí ẹ̀sìn yín ní kí ẹ jọ̀wọ́ ohun gbogbo. Ó ní ojúkòkòrò ni kí èèyàn jọ̀wọ́, kì í ṣe ìyá. Ó ní ìwé àwọn sọ pé bí èèyàn gbé ìyá rẹ̀ lé èjìká kan, tó gbé bàbá rẹ̀ lé èkejì fún 100 ọdún, kò tíì san oore wọn.

Ẹ ó ní Búdà fúnra rẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi Suddhodana bàbá rẹ̀ sílẹ̀, àti Yasodhara ìyàwó rẹ̀, àti Rahula ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹni tó ṣe fídíò yẹn sọ ìyókù fún yín? Ó padà wálé. Nígbà tí wọ́n gba Rahula sínú ẹgbẹ́ àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn tó fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, ó dun Suddhodana débi pé ó tọ Búdà lọ, Búdà sì pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ gba ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ yọ̀ǹda. Òbí rẹ̀! Ta ló yọ̀ǹda fún ọmọ yìí?

Ẹ tún ń sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn. Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò mi bí ọkùnrin, a sì sọ ọ́ ní Babátúndé. Lemọ́mù kò wàásù rẹ̀ fún wa, pásítọ̀ kò wàásù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń kú, ìdájọ́ ló kù, ohun táwọn méjèèjì ń sọ nìyẹn. Síbẹ̀ a jó, ìyá mi sì ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀ fún olùkọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Ìgbà wo wá ni bàbá yín máa sinmi?” Lọ́dọ̀ tiwọn, àtúnwá gan-an ni ìyà: kí wọ́n bíni, kéèyàn darúgbó, kó ṣàìsàn, kó kú, kí wọ́n tún bí i. Kí àyípo yẹn dópin ni wọ́n ń wá, òun ni wọ́n ń pè ní Nirvana. Ohun tí àwa ń fi ìlù pàdé, òun ni wọ́n ń sá fún. Ẹ wá ní ọ̀kan náà ni?

Ọmọ náà ní Búdà kò sọ pé Ọlọ́run kan ló dá ayé, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bi òun léèrè. Háà! Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Mùsùlùmí á tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Allah, Krìstẹ́nì á ké pe Jésù, babaláwo á ní kó o rúbọ. Ní ti Búdà, ohun tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ló ń so èso lé e lórí, kò sí adájọ́ tó o máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ní Japan àwọn kan ń ké pe Búdà mìíràn tó ń jẹ́ Amida kó gba àwọn, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ wa ń wò lórí fóònù kọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ṣe àṣàrò, ẹ ṣe é, ó dára. Àmọ́ ẹ fún òbí yín ní oúnjẹ àárọ̀ ná. Ẹ béèrè òfin márùn-ún tí gbogbo ẹlẹ́sìn Búdà mọ̀: má pa ohun ẹlẹ́mìí, má jalè, má ṣe ìṣekúṣe, má purọ́, má mutí. Ọmọ yìí kò jọ̀wọ́ bíà o. Ìyá rẹ̀ nìkan ló rí jọ̀wọ́.

Ẹ yé gba ẹ̀sìn lẹ́nu ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ti Búdà dáadáa nínú yín, kó wá bá mi ní Làfíàjì nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àwọn ìwé tí olùkọ́ yẹn fi sílẹ̀ fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, a ó jọ kà wọ́n. Kó ti tọ́jú ìyá rẹ̀ kó tó máa bọ̀.

Èmi ni ìyá yín, tíṣà tẹ́lẹ̀.