Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bù fún Àlejò

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín kú ọyẹ́.

Ẹ bá mi ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28 kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ọkọ̀ ti fọ́, ènìyàn 276 ló lúwẹ̀ẹ́ tàbí tó di pákó mú dé Mẹ́lítà, Pọ́ọ̀lù tó jẹ́ òǹdè sì wà láàárín wọn. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Àwọn ará erékùṣù náà ò mọ̀ wọ́n rí, síbẹ̀ wọ́n ti dáná fún wọn. Nídìí iná yẹn ni paramọ́lẹ̀ ti so mọ́ Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́, tí wọ́n wá ń sọ pé apànìyàn ni. Iná ti ń jó kí ọ̀rọ̀ irú ẹni tó jẹ́ tó délẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìlọrin wá sí Kúbwà níbí. Ó gba afárá Odò Ọya ní Jẹ́bbà, ó kọjá Mokwa, ó gba Bídà, Agaie àti Lapai já sí Lambata, kó tó wọ Suleja. Ìyá rẹ̀ ò róorun sùn títí ó fi dé, mi ò sì bá a wí, gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ṣe rí lónìí. Nígbà tí mo ní kó jókòó kó ròyìn, àwọn ènìyàn ló kún ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn Agaie, ẹ̀gún gún táyà ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kọjú sí i, ètè rẹ̀ ti là, omi inú ike rẹ̀ ti tán. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ títí ó fi kan fọkanáísà kan lábẹ́ igi máńgòrò. Tápà ni bàbá náà, kò gbọ́ Yorùbá. Hausa ọmọ wa náà ò ju "sannu" lọ. Bàbá ò tíì wo táyà rárá tó fi rán ọmọbìnrin kékeré kan níṣẹ́, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ gbé omi fún àlejò. Ó mu ún tán, wọ́n tún bu òmíràn. Ìgbà yẹn ni bàbá tó yọ tíúbù, ó fẹ́ ẹ, ó rì í bọ omi inú bàsíà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi fi ń hó níbi tó ti ń jò. Ó ha ojú rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù pa á, ó lẹ̀ ẹ́. Ó tún fi ìka wá inú táyà kiri, kò sinmi àfìgbà tó rí ẹ̀gún náà yọ. Ọmọ wa na owó sí i, bàbá náà mi orí. Ó nàka sí oòrùn tó ti ń wọ̀, ó nàka sí ọ̀nà: kó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ Jámánì kan wà, Heinz Stücke, tó gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé ní 1962, tó sì fi ohun tó lé ní 50 ọdún rìn kiri ayé, ó ju 600,000 kìlómítà lọ. Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ ìyẹn ò dá a padà sílé. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lè yí gíláàsì sókè kó kọjá. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ò ríbi fi òùngbẹ rẹ̀ pa mọ́ sí.

Àlejò làwọn bàbá wa náà lókè ọya yìí. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà láàárín wa léèrè ilé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sí ní Kano tàbí Zaria. Ó dùn mí pé àwa ọmọ wọn la wá ń sọ pé "Ta ló mọ̀ ọ́n?" kí a tó ṣílẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ojú àwọn kan nínú yín ti rí nǹkan lọ́nà, mi ò sì ní kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò fura. Àlejò tí ilẹ̀ bá ṣú bá, ẹ mú un lọ sílé Máì Àǹgúwà, olórí àdúgbò wa, kí àdúgbò mọ̀ pé ó wà, kí wọ́n bi í níbi tó ti wá. Àmọ́ kí ẹ tó dìde, kó ti mu omi.

Láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bẹ́ǹṣì àti kúlà omi yóò wà lábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ọgbà wa, lápá ojú títì. Àwọn ìyá ìjọ ti gbà láti máa pọn ọ́n. Ẹni tó bá ní pọ́ǹpù táyà tí kò lò mọ́, kó jọ̀wọ́ mú un wá fún akọ̀wé.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.