Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Kánádà lórí ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́

Ìjẹ̀bú-Òde

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Kánádà ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tó o ká sílẹ̀ fún mi lórí Wáàsáàpù, o ní kí ni mò ń fi pa mọ́ fún ẹ, torí o ti béèrè fọ́tò Jẹ́jẹ́, ológbò ẹ tó o fi sílẹ̀ fún mi, lẹ́ẹ̀mẹta mi ò fi ránṣẹ́. Nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Jẹ́jẹ́ ò kú o, má jẹ́ kí àyà ẹ já, ara ẹ̀ le, ó ń jẹun, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí orí àpò gàrí ló sùn sí. Etí ẹ̀ ọ̀tún ló ya, mi ò sì fẹ́ kó o rí i kí n tó sọ bó ṣe jẹ́.

Láti ìgbà Iléyá ni. O mọ bí àdúgbò wa ṣe máa ń rí, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí wọn ò ti pa àgbò, egungun àti ìfun kún ilẹ̀, gbogbo ológbò tí ò nílé ló máa gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Akọ kan bá wọn wá, dúdú òun funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nípọn, ojú àpá kún imú ẹ̀. Àwọn yòókù jẹun tán wọ́n lọ, òun ò lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò wá sọ ọ́ ní Jagunlabí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà báyìí wàá ti máa gbọ́ igbe lórí páànù, igbe bíi ti ọmọ ọwọ́, á gùn títí, lẹ́yìn náà gbì-gbì-gbì, òun àti Pupa ti wọ̀yá ìjà nìyẹn. Pupa ni ọmọ tí Jẹ́jẹ́ bí lẹ́yìn tó o lọ, mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ rí. Kò mọ ìjà jà. Tí Jagunlabí bá tẹjú mọ́ ọn, kàkà kó yà fún un, òun náà á dúró, irun ẹ̀yìn ẹ̀ á dìde, ó di pé wọ́n so mọ́ra wọn. Ibi tí Jẹ́jẹ́ ti lọ gbèjà ọmọ ẹ̀ ni etí ẹ̀ ti ya.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an, mo ti wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ti ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, tán, gèlè ló kù, mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo rí Pupa níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan wú bí ẹni ki obì sẹ́nu. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná jọ́jọ́. Mo bọ́ aṣọ sílẹ̀, mi ò lọ mọ́. Ta ni mo fẹ́ rí lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ọ̀nà ló dí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì. Mo ti dá parasitamọ́ọ̀ sí méjì lọ́wọ́, Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ pe dókítà ẹran tó máa ń tọ́jú ajá ìdílé kan ládùúgbò. Ọkùnrin yẹn pariwo lórí fóònù, ó ní ẹ má fún un o, ara ológbò ò lè fọ́ parasitamọ́ọ̀ bíi tèèyàn, ẹyọ kan péré lè pa á. Ó ní kí n má fi Izal fọ egbò ẹ̀ náà, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí mo fi iyọ̀ sí ni kí n fi aṣọ tó mọ́ rẹ, kí n gbé e wá láàárọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ọyún tó jáde níbẹ̀! Dókítà ní eyín ológbò dà bí abẹ́rẹ́, ihò tó ń dá kéré, awọ á pa dé kíá, ìdọ̀tí á wà nínú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ó ti di ọyún, ẹni tó ń wo irun ẹ̀ lókè ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo ìjà báyìí mo máa ń fọwọ́ wá gbogbo ara wọn. Ó tún sọ pé àìsàn kan wà tó jọ HIV, kì í ran èèyàn, àmọ́ ibi ìgéjẹ ni ológbò ti máa ń kó o lára ara wọn. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àdúgbò. Ìyá tó ń dín ẹja ní Jagunlabí ti jí ẹja òun, òun máa fi oògùn eku sínú ọ̀kan fún un. Àwọn kan ní àjẹ́ ni, pé ta ló ń ké bẹ́ẹ̀ lóru. Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá yẹn, mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹja yẹn ò mọ Jagunlabí yàtọ̀ sí Jẹ́jẹ́, kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ọmọ tó ń ràkò. Alhájì ilé kejì ló bá mi dá sí i, ó ní Ànábì sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé ni. Màmá dákẹ́. Mo sanwó ẹja wọn.

Mo kọ́kọ́ ń da omi lé Jagunlabí, mò ń lu abọ́, á sá, á padà wá. Mo tiẹ̀ tọwọ́ bọ àárín wọn lọ́jọ́ kan, ó gé mi jẹ lọ́wọ́, mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, mo sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Má ṣe é láé, tó o bá rí ìjà ológbò níbẹ̀ yẹn. Dókítà wá bi mí léèrè, ó ní oúnjẹ ńkọ́, mo ní mo máa ń gbé ẹja síta mọ́jú. Ó ní abo yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ tí ò ní jẹ́ kó bímọ mọ́ fún un? Mo ní rárá. Ó ní Màmá, nígbà náà ẹ̀yin lẹ pè é wá. Ilẹ̀ àti abo ni akọ ń torí ẹ̀ jà, oúnjẹ wà níbẹ̀, abo wà níbẹ̀, ibo ló fẹ́ lọ?

Ni a bá pinnu pé ká tẹ àwọn akọ méjèèjì lọ́dàá. Ti Pupa ò ṣòro. Ti Jagunlabí gba ọjọ́ mẹ́ta, àgò adìẹ Alhájì la dẹ sílẹ̀, a fi ẹja ṣàwá sí i, ọjọ́ kẹta ló wọ̀ ọ́. Mo da aṣọ bo àgò náà, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí mo ṣe gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá mo gbọ́ ọkàn ẹ̀ tó ń lù kìkì, àánú ẹ̀ sì ṣe mí, torí gbogbo àpá ara ẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fọ ọ̀kankan fún un rí. Èmi àti Alhájì la pín owó ẹ̀, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Dókítà ní kò ní tán lọ́jọ́ kan, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun tó ń gùn ún tó kúrò lára ẹ̀, lóòótọ́ sì ni, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ wọ́n ṣì jà. Mo wá ń gbé oúnjẹ láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan, mo máa ń kó abọ́ kúrò, tilẹ̀ bá ṣú mo máa ń ti Pupa àti Jẹ́jẹ́ mọ́ kíṣìnnì. Lánàá Pupa gba iwájú Jagunlabí kọjá lábẹ́ mọ́tò Alhájì, ìyẹn kàn gbórí sílẹ̀ ó ń sùn lọ.

Jẹ́jẹ́ ló kù. Mi ò lè dá a ṣe torí ológbò ẹ ni, mo ṣì rántí bó o ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́ tó ò ń sunkún lálẹ́ tó ku ọ̀la kó o wọkọ̀. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí nílẹ̀, ó ń ké, ó ń wá akọ, akọ pupa kan tí a ò mọ̀ rí ti jókòó sórí fẹ́ǹsì láti àná. Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Tó bá lóyún, ọjọ́ 63 sí 65 báyìí, a ti tún di mẹ́rin tàbí márùn-ún, ta ló máa gbà wọ́n ládùúgbò tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní àjẹ́? Dókítà ní tí ara ẹ̀ bá ti rọlẹ̀ òun lè ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé o fẹ́ ọmọ ẹ̀ kan sí i kó o tó wálé, Pupa nìyẹn, jẹ́ kó tó. Kàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, sọ pé kí n ṣe é.

Kí àwọn ọmọ fún mi. Fọ́tò wà nínú èyí, mo ya ẹ̀gbẹ́ etí tó ya, ó ti jinná.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ nílé