Kọ̀ǹpútà oko ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa pè yín

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Èkìtì kété tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Adó tí oko yín wá wà lápá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lọ́hùn-ún bíi tèmi, níbi tí òkè ti yí gbogbo ẹ̀ po, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kàn yọjú fírí, á tún sá lọ.

Mo gbé Raspberry Pi kan síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 2012, kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, sólà ló ń gbé e, módẹ̀mù tó ń lo síìmù ló fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa wo bí ilé adìyẹ ṣe gbóná tó. Èmi á wá jókòó sí Adó, màá máa wọ inú ẹ̀ látorí fóònù. Odindi oṣù kan ni mo fi kanlẹ̀kùn tẹ́nìkan ò dáhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo sì ń ṣépè fún.

Àṣé ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ síìmù ni kì í fún wa ní àdírẹ́sì tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wa sẹ́yìn àdírẹ́sì kan náà, bí agboolé ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo: ará ilé lè jáde nígbà tó bá wù ú, àlejò tó bá dé ò ní mọ yàrá tó máa kàn. Ni mo bá háyà sáfà kékeré kan níta, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, tó ní àdírẹ́sì tiẹ̀, mo fi WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà àdáni láàárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, sórí Pi yẹn, pé Pi ni kó máa pe sáfà, kó máa yọjú sí i ní ìṣẹ́jú àáyá 25-25 kí ilẹ̀kùn má baà tì. Fóònù mi náà ń gba ibẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìbáà lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó bá ti dé, Pi á tún pè fúnra ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn láti òkèèrè, ẹ fi VNC sílẹ̀ jàre, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ló ń kó wá, á jẹ dátà yín bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. SSH, níbi tẹ́ ẹ ti máa tẹ àṣẹ ní ọ̀rọ̀ lásán, ti tó, àmọ́ tí láìnì bá já, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́ lè bá a lọ, ó ti já mọ́ mi lọ́wọ́ rí níbi tí mo ti ń ṣe ọ́púdéètì, Pi ò sì tàn mọ́, àfi kí n gun ọ̀kadà lọ sóko. tmux, ètò tó ń di iṣẹ́ mú lórí Pi, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí báyìí, iṣẹ́ á máa lọ bí mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Mosh tó ń ṣiṣẹ́ bíi SSH náà dáa, bí mo bá kúrò lórí síìmù bọ́ sórí Wi-Fi kì í já, lẹ́tà tí mo tẹ̀ á sì ti hàn kí oko tó fèsì. (Tí Pi yín bá ṣì ní pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ o.)

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni módẹ̀mù yẹn. Ó lè ṣàdédé kú síra ẹ̀, iná á máa tàn lójú ẹ̀, dátà ò ní lọ, mo sì gbọ́dọ̀ bẹ ọmọ oko pé kó yọ ọ́, kó tún kì í padà. Ẹni tó bá ti rí ọgbọ́n ta sí i kó kọ̀wé síbí, mò ń retí ẹ̀.

Ọlọ́sìn adìyẹ kan,
Adó-Èkìtì