Ẹ Là Á Yé Wa Lórí Adójútòfò Ìlera

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ìbéèrè kan ni mo ní fún àwọn tó ń wá ìbò wa l'Òṣogbo níbí: ṣé ẹ fara mọ́ ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba yóò ṣe fún tolówó tòtòṣì, àbí ẹ ò fara mọ́ ọn? Bí mo bá bi wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Òfin kò kúkú ṣàìsí. Ní 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu èyí tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba owó tí olúkúlùkù yóò máa dá sí adójútòfò náà lọ́wọ́ ìyá aláta l'Ọjà Ọba, tí kò ní ọ̀gá tó lè yọ ọ́ lára owó oṣù? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àwa oníṣòwò mọ àjọ dáadáa. Adójútòfò kò ju àjọ lọ, àfi pé ẹni tára rẹ̀ kò yá ló ń kó o. Lọ́dún tó kọjá, gbàǹjo ni mo ta àdìrẹ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ mi ní ilé ìwòsàn kan. "Ẹ lọ sanwó ná," ni wọ́n ń wí, ọmọ sì ń gbóná bí iná.

Ẹni tó bá tún wá pín ìrẹsì fún wa, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí owó àwọn tí kò lè dá àjọ yìí yóò ti wá.

Èmi ni tiyín,
Aládìrẹ kan, Òṣogbo.