Ẹni Tó Ń Ya Ewé Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ayàwòrán Òṣogbo, òǹkọ̀wé yín sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ẹni tó bá ń ya ewé àti òdòdó ń ṣe, pé kò kan ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ fi ìtàn obìnrin kan ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Marianne North ni orúkọ rẹ̀, Hastings ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì bí i sí lọ́dún 1830. Aṣòfin ni bàbá rẹ̀, olówó sì ni. Kí a má purọ́, láìsí owó bàbá yìí, bóyá ni à bá gbọ́ orúkọ ọmọ. Kò lọ́kọ. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú títí bàbá náà fi kú lọ́dún 1869. Lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti pé ọmọ ogójì ọdún, ó gbé àpótí ọ̀dà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó dé Amẹ́ríkà, Jàmáíkà, Bùràsíìlì, Jàpáànù, Borneo àti Íńdíà. Nígbà tí Charles Darwin, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, sì gbà á nímọ̀ràn lọ́dún 1880 pé kí ó lọ wo ewéko Ọsirélíà, ó lọ.

Bí ó ṣe ń yàwòrán gan-an ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín fara balẹ̀ wò. Ọ̀dà tí a fi omi pò ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ewé fún àwọn onímọ̀ nígbà náà ń lò; wọn a já ewé, wọn a yà á sórí ìwé funfun bí ẹni pé kò níbi tó ti wá. Ọ̀dà tí a fi epo pò ni North ń lò ní tirẹ̀, ìdí igi ló sì ń lọ jókòó sí, tí òkè tó wà lẹ́yìn igi náà àti ẹyẹ tó bà lé ẹ̀ka rẹ̀ yóò fi bá a wọ inú àwòrán. Ní Sarawak, ní erékùṣù Borneo, ó ya ewéko kan tó gbé ohun kan bí ìkòkò kọ́rùn, tí kòkòrò ń jìn sí, tí ewéko náà sì ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Nígbà tí àwòrán náà dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onímọ̀ rí i pé irú rẹ̀ kò tíì sí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Oníṣòwò òdòdó kan rán ènìyàn lọ wá a, ọwọ́ bà á, Joseph Hooker tó jẹ́ ọ̀gá Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, sì fi orúkọ North sọ ọ́ ní Nepenthes northiana. Àwòrán ló ṣáájú, ewé ló tẹ̀lé e. Ṣé ọ̀ṣọ́ nìyẹn?

Owó ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé tí àwòrán rẹ̀ tó lé ní 800 wà ní Kew títí di òní, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1882. Ó fẹ́ kí wọ́n máa fún àlejò ní tíì àti kọfí níbẹ̀, Hooker kò gbà; ni obìnrin náà bá ya igi tíì àti igi kọfí sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ó kú lọ́dún 1890.

Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2005 ń bẹ nítòsí wa. Àwọn ayàwòrán wa ń ya òrìṣà, wọ́n ń ya ọba àti onílù, ó sì dára. Ewé tí ẹlòmíràn lè fi àwòrán rẹ̀ dá mọ̀ ni n kì í sábà rí. Ìyá mi ta ewé ní Ọjà Ọba. Nígbà tí mo wà ní girama, mo kọ orúkọ ewé tó lé ní ogójì lára èyí tó ń tà sínú ìwé kan, mo kọ iṣẹ́ wọn sí i, n kò sì ya ẹyọ kan. Ìyá ti lọ. Mo lè ya ọ̀dúndún sọ́tọ̀ kúrò lára àbámọdá, nítorí àbámọdá a máa hu ọmọ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ létí ewé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó kù, orúkọ wọn nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ìlú yìí láyè nínú ìwé ìròyìn yín, kí ewé kan máa jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Mo ti gbé ìwé mi fún ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ. Àbámọdá ló kọ́kọ́ yà, ó sì ka ọmọ etí ewé náà kí ó tó yà wọ́n: mọ́kànlá ni. A ṣì ń wá èyí tó tẹ̀lé e nínú ìwé náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo