Ìwé dókítà lórí antibáyótíìkì kì í ṣe ọgbọ́n ìgbowó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìwé dókítà tí àwa apòògùn ń béèrè ká tó ta antibáyótíìkì (oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò bákitéríà), ọgbọ́n kí dókítà lè rówó gbà ni. Mo mọ̀ pé owó àyẹ̀wò wọ́n, mo sì mọ̀ pé ilé ìwòsàn ìjọba lè gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ èèyàn. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí sì ń ṣòfò.

Ẹ wo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, tó ní kí wọ́n fún òun ní kápúsù amoxicillin mẹ́rin torí pé ọ̀fun ń dun òun. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa irú ìyẹn. Ògiri tí bákitéríà fi yí ara rẹ̀ ká ni amoxicillin kì í jẹ́ kó rí mọ. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà amoxicillin kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá sì jẹ́ bákitéríà streptococcus ló wà lọ́fun lóòótọ́, 500mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 ni àgbàlagbà sábà máa ń lò, ìyẹn kápúsù 20. Mẹ́rin yẹn, ọjọ́ méjì péré. Ọ̀fun á ti fúyẹ́, onítọ̀hún á rò pé ó ti parí, àmọ́ kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Lára ọmọdé, irú kòkòrò yìí kan náà ló lè bí ibà kan tó lè ba ọkàn tó ń lù kìkì nínú àyà jẹ́ títí ayé.

Iye ọjọ́ kì í sì í ṣe kan náà. Àgbàlagbà tó ní onígbáméjì lè lo doxycycline 300mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti ikọ́ ife, oṣù 6 ni, kì í sì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Ẹni tí kò yẹ aláìsàn wò kò lè mọ èyí tó kàn.

Ibi tó burú jù lọ́dọ̀ wa ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí gbogbo èèyàn ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Ara á gbóná, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò Widal, èsì á ní "ibà àti táífọ́ọ̀dù", antibáyótíìkì tó ń jẹ́ ciprofloxacin á tẹ̀lé e. Widal kì í wá bákitéríà rárá. Ohun tí ara pèsè láti bá àrùn jà ló ń wá, ìyẹn sì lè ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà àìsàn tó ti lọ tipẹ́. Ibà ẹ̀fọn pàápàá lè da èsì rẹ̀ rú. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé ni èyí tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kí bákitéríà hù níbẹ̀, tí wọ́n á sì dán oríṣiríṣi oògùn wò lára rẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá ti gbé kápúsù mì ṣáájú, kòkòrò lè má hù mọ́, dókítà á wá máa táràrà.

Àtọ̀sí ni ẹ̀rí tó dájú jù pé kòkòrò lè borí oògùn. Penicillin ló ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ó di tetracycline, ó di ciprofloxacin, kòkòrò náà borí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù, síbẹ̀ tetracycline náà ni àwọn èèyàn ṣì ń rà. Kòkòrò tó bá yè bọ́ kì í sì í dá dúró sára ẹni kan, á ran ẹlòmíì. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ni bákitéríà tí oògùn kò ràn pa káàkiri àgbáyé lọ́dún 2019.

Oògùn tó wo ẹnì kan tún lè ṣe aládùúgbò rẹ̀ léṣe. Penicillin lè mú kí ètè ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ wú, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dí. Tetracycline ń pa eyín ọmọdé láwọ̀ dà, aboyún kò sì gbọ́dọ̀ lò ó. Ciprofloxacin lè já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ẹni tó bá sì fi mílíìkì tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú gbé e mì, díẹ̀ ni yóò wọ inú ara rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lo ampiclox, tí òun náà jẹ́ antibáyótíìkì, lẹ́yìn ìbálòpọ̀ nítorí oyún, ẹ jọ̀ọ́, kò lágbára kankan lórí oyún.

Kò dìgbà tí a bá dé ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n tó yẹ èèyàn wò. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé á ṣí ẹ̀wù rẹ̀, á ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún. Bó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, wọ́n á kà á sí òtútù àyà. Amoxicillin oníhóró 250mg tó ń yọ́ nínú omi ló kàn: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, méjì-méjì fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ 5. Bí mímí kò bá yá tó bẹ́ẹ̀, tí ìsàlẹ̀ àyà kò sì máa wọlé, ikọ́ lásán ni, kò nílò antibáyótíìkì. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni kò sí nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń polówó kápúsù, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì yẹ kó rí i pé òṣìṣẹ́ àti oògùn wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò.

Ẹni tó bá ti lo kápúsù kankan kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó má fi pamọ́. Kó sọ iye tó lò àti ọjọ́ tó lò ó, kó sì mú páálí rẹ̀ dání.

Apòògùn kan,
Ìbàdàn.