Irin tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ kì í ṣe earthing o!

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò sì ní bò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn alákòóso páàkì ilé tírélà (ilé tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ wọ́ wá gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí à ń sanwó lé) tí à ń gbé lápá Houston níbí lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn gbogbo wa pé ọ̀rọ̀ earthing, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà kúrò lára ilé padà sí òpó, ò kan àwọn, pé kí ẹni tó ni tírélà lọ wá oníná tiẹ̀. Ìwé yẹn dé lẹ́yìn tí iná gbé ọmọ aládùúgbò wa lórí àtẹ̀gùn irin ilé wọn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ọmọ ò sì wọ bàtà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kàkà kí wọ́n wá kí ìyá ọmọ kú ewu, ìwé ni wọ́n lẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni òpó iná? Ta ló ni àpótí breaker, ìyẹn ohun tó máa ń já iná tó bá ti pọ̀ jù, tó wà lára òpó ọ̀hún? Wáyà tó gba abẹ́ ilẹ̀ láti ibẹ̀ wọlé wa ńkọ́, ṣé àwa la rì í ni? Àwọn náà ni, àwọn náà ló sì ń gba owó ilẹ̀ lóṣooṣù, tó o bá fi lè pẹ́ díẹ̀ báyìí wọ́n á ti bu owó ìtanràn lé e.

Kí wọ́n tó lẹ ìwé sha, wọ́n kọ́kọ́ rán bọ̀bọ́ kan wá pẹ̀lú òòlù àti irin gígùn kan. Ó ń gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá ọmọ yẹn, nígbà tó wọlẹ̀ dé ìdajì ló kọlu nǹkan líle kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ayùn yọ, ó gé ìyókù sọnù, ó so wáyà mọ́ kùkùté tó ṣẹ́kù, ó ní ó ti parí. Ojú mi ló ṣe. Irin tí òfin ní kí ẹsẹ̀ bàtà 8 rẹ̀ wà nínú ilẹ̀! Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bọ̀dá kan tó ti ń ṣiṣẹ́ iná láti Ìbàdàn kó tó wá síbí gbé mítà rẹ̀ wá, ó fi ẹnu wáyà kan kan àtẹ̀gùn, ó fi ìkejì kan ilẹ̀ tútù, iná ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ nìyí o, irin tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ kì í ṣe earthing. Kódà kó wọlẹ̀ dé òpin, kì í ṣe òun ló máa gbà yín. Irin ni gbogbo ìdí ilé tírélà, irin ni férémù tó gbé e dúró, ara ilé mìíràn gan-an páànù ni. Tí eku bá wá jẹ wáyà kan lábẹ́ ilé, tàbí kó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń fà á bọ̀ lójú títì ni irin ti fá ara wáyà, gbogbo ilé ló di iná yẹn, àti ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn. Tí wáyà earth gidi bá wà láti inú ilé padà sí òpó, iná yẹn á gba ibẹ̀ sáré padà, á pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, breaker á já kíá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú erùpẹ̀ nìkan ló fẹ́ gbà, erùpẹ̀ kì í gbé iná bíi wáyà. Ká ní ilẹ̀ yẹn tiẹ̀ dáa, tí ìdènà rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́nà) jẹ́ ohm 25, iná volt 120 ò lè gba ibẹ̀ kó pé amp 5 (amp la fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Ṣé amp 5 ló máa já breaker amp 20? Kò ní já láéláé, iná á kàn wà lára ilé títí ẹnìkan á fi fọwọ́ kàn án.

Òfin sì wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa irọ́ fún yín. National Electrical Code, ìyẹn ìwé òfin iná ti Amẹ́ríkà, ní orí 550 rẹ̀, ní wáyà mẹ́rin ni kó wọ ilé tírélà látara òpó: méjì fún iná, ọ̀kan fún neutral (èyí tí iná ń gbà padà lójoojúmọ́), ọ̀kan fún earth, àti pé neutral àti earth ò gbọdọ̀ pàdé nínú bọ́ọ̀dù ilé. Níta ni wọ́n ti ń pàdé. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1976 náà ní kí wọ́n so férémù irin mọ́ earth. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣí àpótí òpó àwọn páàkì wọ̀nyí, wáyà mẹ́ta lẹ máa bá ní púpọ̀ nínú wọn, wọ́n á wá fi neutral ṣe earth nínú ilé. Èyí ló burú jù! Ọjọ́ tí neutral bá já lọ́dọ̀ òpó, láìsí wáyà kankan tó bó, gbogbo ara ilé di volt 120 lójú ẹsẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tó o tàn sílẹ̀ ti tó láti gbé e débẹ̀.

Àwọn tó yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò dà? Tó o bá pè wọ́n, ẹni yìí á ní ọ́fíìsì tọ̀hún ló ni ín, tọ̀hún á ní ìlú ló ni ín, ìlú á ní páàkì yẹn ò sí lábẹ́ àwọn, wọ́n á fi orin dá ẹ dúró lórí fóònù títí wàá fi gé e fúnra ẹ. Wolé-wolé ayé àtijọ́ tó ń ṣí ìkòkò omi àwọn ìyá wa wò sàn jù wọ́n lọ, òun kúkú ń wá. Ó sì dà bíi pé wọ́n mọ̀ pé àwa tá a ti Nàìjíríà wá ò ní pariwo, torí a ti mọ firíjì tó ń gbé èèyàn, sílípáàsì rọ́bà la máa ń wọ̀ ká tó ṣí i. Ṣé ìyẹn náà la kó wá síbí?

Èmi mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Sítíkà ni. Kí wọ́n ṣòfin pé òpó tí kò bá ní sítíkà, kò sí owó ilẹ̀. Kí oníná tó ní láìsẹ́ńsì ṣí àpótí òpó, kó ṣí bọ́ọ̀dù inú ilé, kó ka wáyà, kó rí i pé mẹ́rin ni, kó rí i pé neutral ò kan earth nínú ilé, kó fi mítà wọn férémù àti àtẹ̀gùn irin bóyá wọ́n so mọ́ earth lóòótọ́, kó wá lẹ sítíkà tó ní déètì àti nọ́ńbà láìsẹ́ńsì rẹ̀ sínú àpótí yẹn, kẹ́nikẹ́ni lè ṣí i kó kà á. Kí páàkì sanwó ti òpó àti wáyà abẹ́ ilẹ̀, kí onílé san ti inú ilé, èmi á san tèmi, mi ò bẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n tún un ṣe nígbàkígbà tí tírélà mìíràn bá dé orí ilẹ̀ yẹn, àti lọ́dún márùn-ún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ kó kúrò. Wọ́n á ní owó ẹ̀ á pọ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ńkọ́, ṣé kò pọ̀? Ẹ ṣáà fọwọ́ kan owó ilẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bí òpó á ṣe yára tó!

GFCI (ohun tó máa ń pa iná fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò) náà dáa, ẹ fi sí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ìta àti ti kíṣìnì, àmọ́ wáyà tó bá ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra tírélà àtijọ́ torí pé owó ẹ̀ rọjú, ẹ jẹ́ kí oníná ṣí bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ ń fi kọntéènà ṣe ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó náà, irin kan náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń gba owó ilẹ̀, èmi àti àwọn aládùúgbò mi sì ti fẹnu kò pé a máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí àpótí òpó fún wa ná.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Houston, Texas